Áyà Mẹ́fà Tí Kọ̀ǹpútà Kò Kà

Nínú ìwé ọdọọdún ilé ẹ̀kọ́ wa yìí, ẹ ti máa ń ka ọ̀rọ̀ lórí fíkíhì, lórí naháwù, lórí ìtọ́jú òbí àti lórí ìmọ́tótó. Lọ́dún yìí ni wọ́n ní kí àwa tí a ń kọ́ àwọn ọmọ sẹ́kọ́ńdírì àgbà ní kọ̀ǹpútà náà mú tiwa wá. A rò ó títí, pé kí ni a lè kọ tí òbí yóò kà tí kò ní ṣí i kọjá. Níkẹyìn a ní kí a kúkú sọ ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní táàmù kejì, nítorí pé ó kù díẹ̀ kí ọ̀rọ̀ náà fọ́ kíláàsì wa, àwọn kan nínú ẹ̀yin tí ẹ ń ka ìwé yìí sì wà níbẹ̀ lọ́jọ́ náà.

Kí a tó débẹ̀, àwọn kan ṣì máa ń bi wá pé kí ni ti kọ̀ǹpútà ní ilé kéú. Ìdáhùn wa kò pọ̀. Àwọn ọmọ yìí kan náà ni yóò jókòó ṣe ìdánwò WAEC àti NECO, ètò ẹ̀kọ́ tí àwọn sẹ́kọ́ńdírì àgbà bẹ̀rẹ̀ ní oṣù September ọdún 2011 sì ti fi kọ̀ǹpútà kún iṣẹ́ wọn. Nínú iṣẹ́ tí wọ́n ń pè ní Computer Studies yẹn, kí ọmọ mọ bí a ṣe ń tan ẹ̀rọ àti bí a ṣe ń tẹ lẹ́tà kò tó. Ó gbọ́dọ̀ lè kọ àṣẹ tí ẹ̀rọ yóò tẹ̀ lé, ní èdè tí a ń pè ní BASIC. Èdè yìí ti pẹ́. John Kemeny àti Thomas Kurtz, olùkọ́ ìṣirò méjì ní Dartmouth College ní Amẹ́ríkà, ni wọ́n dá a sílẹ̀, ọjọ́ 1 oṣù May ọdún 1964 ni ó sì kọ́kọ́ ṣiṣẹ́. Ohun tí wọ́n ń fẹ́ ni pé kí ọmọ tí kì í ṣe onímọ̀ sáyẹ́ǹsì náà lè pàṣẹ fún kọ̀ǹpútà. Irú rẹ̀ tí a ń fi kọ́ àwọn ọmọ wa ni QBASIC, tí Microsoft gbé jáde ní 1991. QB64, tí a gbà láìsan kọ́bọ̀, ni a fi ń lò ó lórí kọ̀ǹpútà òde òní. Àwọn ọmọ tí ẹ̀gbọ́n wọn wà ní yunifásítì a máa fi wá ṣe yẹ̀yẹ́ pé èdè àwọn bàbá àgbà ni. A gbà bẹ́ẹ̀. Àwa náà orí wàláà ni a ti kọ́ álífù, a sì ń ka ìwé títí dòní.

Kọ̀ǹpútà méje ni ẹ̀yin òbí dáwó rà fún wa. Mẹ́rin ni ó ń ṣiṣẹ́ bí a ti ń kọ ọ̀rọ̀ yìí. Ẹ ó rántí pé nígbà tí ẹ ń dá owó náà, àwọn kan ní kí a kọ́kọ́ fi tún òrùlé mọ́sálásí tí ó ń jò ṣe, ọ̀rọ̀ náà sì gbóná díẹ̀ kí ó tó rọlẹ̀. A kò gbàgbé. Ní ti iná mànàmáná ní Lotto níbí, ẹ mọ̀ ọ́n ju bí a ti lè sọ ọ́ lọ. Láti ìgbà tí ìjọba sì ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo bẹntiróòlù ní oṣù May ọdún 2023, ẹ̀ẹ̀kan péré lọ́sẹ̀ ni a ń tan jẹnẹrétọ̀. Nítorí náà, púpọ̀ nínú ohun tí àwọn ọmọ wọ̀nyí mọ̀ nípa kọ̀ǹpútà, ní àgbàlá ni wọ́n ti kọ́ ọ, lábẹ́ igi, tí kò sí kọ̀ǹpútà kankan nítòsí. Ìyà ni a kọ́kọ́ kà á sí. Nígbà tí ó yá, a rí i pé ọmọ tí kò rí nǹkan kan tẹ̀, dandan ni kí ó ronú.

Ọ̀rọ̀ array ni a dé ní SS2 ní táàmù kejì. A bẹ̀rẹ̀ báyìí: a ní kí wọ́n kọ àṣẹ tí yóò ro máàkì ọmọ márùn-ún pọ̀. Ìyẹn kò le. Wọ́n pe ti àkọ́kọ́ ní A, ti èkejì ní B, títí dé E, wọ́n sì rò wọ́n pọ̀. A wá ní ó dára, ó ku gbogbo kíláàsì. Àwọn mọ́kànlélógójì ni wọ́n. Wọ́n tẹrí mọ́ ìwé. Kò pẹ́ tí ọmọbìnrin kan nawọ́ sókè, ó ní, "Ùsítáásì, lẹ́tà ti tán o." Ó ti lo A títí dé Z, ó sì ku ọmọ mẹ́ẹ̀ẹ́dógún nílẹ̀ tí kò rí orúkọ fún.

Ọmọkùnrin kan ní òun ti rí ọ̀nà, pé kí a pè wọ́n ní M1, M2, M3, títí dé M41. Ó mọ́gbọ́n wá lójú àwọn yòókù, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ tọ̀nà. Ṣùgbọ́n ohun tí àwa ń rí nínú M1 àti M2, kọ̀ǹpútà kò rí i. Àwa mọ̀ pé ìkejì ni ó tẹ̀ lé ìkíní. Lójú kọ̀ǹpútà, orúkọ méjì tí kò bára tan ni, bí ìgbà tí ẹ bá sọ pé Sáláwù àti Bọ̀lá. Bí ẹ bá fẹ́ kí ó rò wọ́n pọ̀, ẹ ní láti dárúkọ gbogbo wọn níkọ̀ọ̀kan. Bí ọmọ bá di ọgọ́rùn-ún márùn-ún ńkọ́?

Ohun tí array ṣe ni pé ó fún gbogbo wọn ní orúkọ kan ṣoṣo, ó wá fi nọ́ńbà ìdúró kálukú sínú àkámọ́: M(1), M(2), M(3). Ó jọ ohun kan náà pẹ̀lú ti ọmọkùnrin yẹn, àkámọ́ nìkan ni ó fi yàtọ̀. Inú àkámọ́ yẹn sì ni gbogbo ọ̀rọ̀ wà. A lè fi lẹ́tà sí ibi tí nọ́ńbà yẹ kí ó wà, kí a kọ ọ́ ní M(I), kí a sì sọ fún kọ̀ǹpútà pé kí I bẹ̀rẹ̀ láti orí 1, kí ó máa fi ọ̀kọ̀ọ̀kan gun òkè títí dé 41. Ìlà mẹ́ta tó láti ro máàkì gbogbo wọn pọ̀. Bí wọ́n bá di ẹgbẹ̀rún, ìlà mẹ́ta náà ni.

Àwọn ọmọ kọ èyí sínú ìwé, wọ́n há a sórí, kò sì yé wọn. A mọ̀ nítorí pé nígbà tí a bi wọ́n pé, "Kí ni M(3)?" ìdajì kíláàsì ní, "Mẹ́ta ni." Ibí yìí gan-an ni ọ̀pọ̀ ọmọ ti ń ṣubú, a sì gbà pé àwa olùkọ́ ni a máa ń tètè kọjá níbẹ̀. Wọn kò mọ ìyàtọ̀ láàárín ibi tí nǹkan wà àti nǹkan tí ó wà níbẹ̀.

A kó wọn jáde sí àgbàlá. A mú ọmọ méje, a ní kí wọ́n to sáfù bí ẹni tí ó fẹ́ kírun, ẹsẹ̀ sí ẹsẹ̀, èjìká sí èjìká. A há ìwé pélébé fún ọ̀kọ̀ọ̀kan, a ti kọ nọ́ńbà sí i, 45, 70, 12, bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀, wọ́n sì gbé e mọ́ àyà. A wá ń bi àwọn tí ó jókòó: "Ta ni ó wà ní ipò kẹta?" Wọ́n dárúkọ rẹ̀. "Kí ni ó wà lọ́wọ́ ẹni tí ó wà ní ipò kẹta?" Wọ́n ní, "Méjìlá." A ní, "Kí ni M(3)?" Wọ́n dákẹ́ díẹ̀, lẹ́yìn náà ariwo sọ: "Méjìlá!" Láti ọjọ́ náà ni wọn kò ti pè é ní array mọ́ láàárín ara wọn. Sáfù ni wọ́n ń pè é. A kò dí wọn lọ́wọ́. Inú ìwé ìdánwò nìkan ni a ti ní kí wọ́n kọ ọ́ bí WAEC ṣe ń kọ ọ́.

Ní àgbàlá náà ni a ti kọ́ wọn bí a ṣe ń to nǹkan láti orí kékeré dé ńlá. A ní kí ẹni ipò kìíní àti ẹni ipò kejì pààrọ̀ ìwé ọwọ́ wọn, ṣùgbọ́n ọwọ́ kan ṣoṣo ni kọ̀ǹpútà ní, ohun tí ó bá sì gbà, ó ti pa èyí tí ó wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀ rẹ́ nìyẹn. Ọmọ àkọ́kọ́ gba ti èkejì, ó ju tirẹ̀ sílẹ̀. Ìgbà tí èkejì fẹ́ gba ti àkọ́kọ́, ó ti lọ. Wọ́n ṣe é lẹ́ẹ̀mẹ́ta, wọ́n ń pàdánù nọ́ńbà kan nígbà kọ̀ọ̀kan. Ọmọ kan tí ìyá rẹ̀ ń ta epo ní ọjà Mowe ni ó yanjú rẹ̀. Ó ní bí epo pupa bá wà nínú ìgò kan, tí òróró wà nínú èkejì, tí a sì fẹ́ pààrọ̀ wọn, ṣé a kò ní wá ìgò kẹta ni? Ìgò kẹta yìí ni àwọn ìwé ń pè ní temporary variable. Ọdún mélòó ni a ti fi ń kọ ọ́ sí pátákó, kò sì sí ọmọ tí ó bi wá ìdí rẹ̀ rí.

Ọ̀rọ̀ òdo wá ku. Nínú QBASIC, bí ẹ bá kọ ọ́ pé DIM M(7), àyè mẹ́jọ ni ẹ̀rọ ń pèsè, nítorí láti orí òdo ni ó ti ń kà: òdo, ení, èjì, títí dé èje. Ẹni tí kò bá fẹ́ òdo lè sọ bẹ́ẹ̀ fún un, ṣùgbọ́n bí kò bá sọ, òdo ń bẹ níbẹ̀. FORTRAN tí àwọn IBM gbé jáde ní 1957 láti orí ení ni ó ti ń kà. C àti Python láti orí òdo. Edsger Dijkstra, onímọ̀ kọ̀ǹpútà ará Netherlands, tilẹ̀ kọ ìwé kékeré kan ní 1982 láti fi hàn pé láti orí òdo ni ó yẹ kí a ti máa kà. Àwa rò pé ó tọ̀nà fún ẹni tí ó ti gbọ́n, ṣùgbọ́n ọmọ SS2 tí ó ti ń ka ení, èjì, ẹ̀ta láti ìgbà tí ó ti ń fà, ẹ má tètè kó òdo bá a. A sọ fún wọn pé sífírì tí Lárúbáwá ń pe òdo ni ó yípo títí tí ó fi di zero lẹ́nu àwọn Òyìnbó, àti pé orúkọ Muhammad ibn Musa al-Khwarizmi, ẹni tí ó ṣiṣẹ́ ní Baghdad ní nǹkan bí 1,200 ọdún sẹ́yìn, ni wọ́n yí lẹ́nu di algorithm. Inú wọn dùn sí ìyẹn. Nígbà náà ni ọmọ kan bèèrè pé, nínú sáfù, ta ni òdo? Kí a tó dáhùn, èkejì rẹ̀ ní, "Lèmọ́mù ni. Ó wà níwájú, a kì í sì í kà á mọ́ ìlà." A rẹ́rìn-ín, a fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ìbá dára kí á dúró lórí rẹ̀ díẹ̀ sí i.

Ọjọ́ àbẹ̀wò àwọn òbí ń bọ̀, a sì fẹ́ kí àwọn ọmọ fi nǹkan kan hàn. A rò ó pé máàkì ìdánwò kò ní dùn mọ́ ẹnikẹ́ni nínú. Àwọn ọmọ fúnra wọn ni wọ́n ní kí a lo Àlùkùránì: súrà 114, kí a to iye áyà kọ̀ọ̀kan sínú array kan, kí kọ̀ǹpútà sì rò ó pọ̀. A pín wọn sí ọ̀wọ́ mẹ́fà, ọ̀wọ́ kọ̀ọ̀kan gba súrà mọ́kàndínlógún, wọ́n ń wo iye tí wọ́n tẹ̀ sí orí súrà nínú Àlùkùránì tí a ń lò ní kíláàsì. Fátíhà 7, Bákárà 286, Ímúránà 200, wọ́n ń kọ ọ́ lọ. Ọ̀wọ́ tí ó gba àwọn súrà ìparí tètè parí, ọ̀pọ̀ nínú wọn kò tilẹ̀ ṣí ìwé. A fi mẹ́ta àkọ́kọ́ dán an wò, 493 ni ó gbé jáde, ó sì pé. A pa ẹ̀rọ nítorí epo. A ní ó di ọjọ́ náà.

Ọjọ́ náà pé. Yàrá kún, àwọn àgbà mọ́sálásí wà níwájú. Ọmọkùnrin tí ó fẹ́ fi í hàn tẹ̀ ẹ́, nọ́ńbà sì jáde gàdàgbà lójú kọ̀ǹpútà: 6230.

Bàbá wa kan tí ó jókòó níwájú bọ́ awò ojú rẹ̀, ó nù ún, ó tún fi sójú. "Ùsítáásì, ẹ má bínú. Mélòó ni ẹ̀rọ yín wí?"

A ní, "Bàbá, ẹgbẹ̀rún mẹ́fà, igba àti ọgbọ̀n."

"Àwọn tí ó kọ́ wa kọ́ wa pé ẹgbẹ̀rún mẹ́fà, ọgọ́rùn-ún mẹ́fà, ọgọ́ta àti mẹ́fà ni."

Òbí kan lẹ́yìn ti ṣí ẹ̀yìn Àlùkùránì ọwọ́ rẹ̀, ó ní bẹ́ẹ̀ kọ́, 6236 ni wọ́n kọ síbẹ̀. Ẹlòmíràn ní òun náà 6666 ni òun mọ̀. Ariwo bẹ̀rẹ̀. Àwọn méjì tí kò fohùn ṣọ̀kan lórí nọ́ńbà wá fohùn ṣọ̀kan lórí tiwa, pé iye yòówù kí ó jẹ́, kọ̀ǹpútà yìí ti dín in kù. Arákùnrin kan ní, "Kọ̀ǹpútà yín ti jẹ áyà mẹ́fà." Àwọn kan rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo ènìyàn ni ó fi ṣe àwàdà. Ìyá kan dìde, ó ní bí ohun tí a ń kọ́ ọmọ òun nìyí, kí a yọ orúkọ rẹ̀ kúrò, kéú nìkan tó o. A sì gbọ́ tí ẹnìkan ń sọ̀rọ̀ òrùlé mọ́sálásí lábẹ́lẹ̀.

Ojú tì wá, a kò ní purọ́. Ohun tí ó dùn wá jù ni pé a kò mọ ibi tí àṣìṣe náà wà. Nọ́ńbà 114 ni, ẹnikẹ́ni nínú ọmọ mọ́kànlélógójì lè ti tẹ ọ̀kan ṣì. A ń wá bí a ó ṣe tọrọ àforíjì kí a sì pa ẹ̀rọ, ni ọmọbìnrin tí lẹ́tà tán lọ́wọ́ rẹ̀ lọ́jọ́sí bá kúnlẹ̀, ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n wo nǹkan kan."

Ọmọ yìí ti há Àlùkùránì dé ibi tí ó jìnnà. Ó ní bí ó bá jẹ́ 6236 ni ó yẹ kí ó jẹ́, mẹ́fà ni ó dín. Súrà méjì péré ni áyà wọn jẹ́ mẹ́fà nínú gbogbo Àlùkùránì: Káfírúnà, tí ó jẹ́ ìkọkàndínláàádọ́fà, àti Náásì, tí ó jẹ́ ìkẹrìnlélàádọ́fà. Ó tẹ̀ ẹ́ pé PRINT A(109). Ẹ̀rọ dáhùn: 6. Ó tẹ PRINT A(114). Ẹ̀rọ dáhùn: 6. Yàrá ti dákẹ́. Ó ní, "Wọ́n wà níbẹ̀ méjèèjì. Kò jẹ nǹkan kan. Rírò ni kò rò ó."

Ó gùn ún lọ sí òkè, sí ibi tí a ti pàṣẹ ìrònú, ó sì rí i:

FOR I = 0 TO 113

Níbi tí a ti ní kí ẹ̀rọ ka àwọn nọ́ńbà wọlé, 1 TO 114 ni a kọ, ó sì dára. Ṣùgbọ́n ní ibi ìrònú, ọmọkùnrin wa ti yí i padà ní alẹ́ ọjọ́ tí ó ṣáájú. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tí ó ń kọ́ Python ní yunifásítì ni ó sọ fún un pé olóye kì í kà láti orí ení. Nítorí náà ẹ̀rọ bẹ̀rẹ̀ láti ipò òdo, níbi tí a kò fi nǹkan kan sí, ó ka òfo. Ó wá dúró ní ipò 113, ní Fálákì. Kò dé Náásì. Lèmọ́mù ni ó kà mọ́ ìlà, ó sì fi ẹni tí ó kẹ́yìn sáfù sílẹ̀.

Ó yí i padà sí 1 TO 114. 6236. Àwọn ọmọ hó yèè, àwọn òbí kan ṣe kábàrà. Ìyá tí ó dìde ti jókòó. Ọmọkùnrin tí ó yí i padà dorí kodò, a sì ní kí ó gbójú sókè, nítorí pé àwa ni ó yẹ kí a ti dán odidi rẹ̀ wò ṣáájú. Mẹ́ta péré ni a dán wò, tí a ní ó ti pé. Epo bẹntiróòlù líítà kan ni a ń ṣọ́.

Ṣùgbọ́n Bàbá wa kò hó. Ó dìde, ó kí wa dáadáa, ó sì lọ. Ní ọjọ́ kejì lẹ́yìn ìrun àsárì, a lọ bá a ní ojúlé rẹ̀. A kò bá a jiyàn. Nọ́ńbà 6666 yìí, ọ̀pọ̀ alùfáà ni ó ń sọ ọ́, kì í ṣe ní ilẹ̀ Yorùbá nìkan, ó sì ti pẹ́ lẹ́nu ènìyàn. Ohun tí a mọ̀ ni pé bí a bá ro iye tí wọ́n kọ sórí àwọn súrà pọ̀, kò ní já sí i. A ní, "Bàbá, bóyá kí a wo ti inú Àlùkùránì tiyín."

Ó gbé e jáde. Ìtẹ̀jáde Wáráṣì ni, irú èyí tí àwọn alùfáà àtijọ́ wa ń lò, awọ rẹ̀ ti fàya. Ó ṣí Bákárà. Ó wò ó, ó tún wá wojú wa. Áyà 285 ni ó wà lórí rẹ̀, kì í ṣe 286. Bàbá mọ ìdí rẹ̀ dáadáa, òun ni ó sì ṣàlàyé rẹ̀ fún wa, àwa tí a lọ kọ́ ọ. Ọ̀rọ̀ Ọlọ́hun kan náà ni. Ibi tí a ti ń dá áyà dúró ni àwọn àgbà ìṣáájú kà ní oríṣiríṣi. Ìkà àwọn ará Kúfà ni 6236, òun ni ó wà nínú ọ̀pọ̀ èyí tí wọ́n ń tẹ̀ báyìí. Ìkà àwọn ará Mẹ̀dínà tí ó kẹ́yìn ni 6214. Ti àwọn ará Básírà ni 6204. Ó wá dákẹ́, bí ẹni pé ó gbọ́ ohun tí ẹnu ara rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ. Ó ní, "Ibo wá ni a ti rí 6666?" A ní a kò mọ̀, Bàbá. Ó ní òun náà kò mọ̀. Ó ní kí a jẹ ẹ̀kọ.

Ó tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kí a tó tún gbúròó rẹ̀. Ní ọjọ́ tí a ń tan jẹnẹrétọ̀, ó yọ sí ẹnu ọ̀nà kíláàsì, ìwé ńlá kan ní ọwọ́ rẹ̀. Ó ti kọ iye áyà súrà 114 láti inú Àlùkùránì tirẹ̀, ní nọ́ńbà Lárúbáwá, ìlà ìlà, kò fọ́n ká rárá. Ó ní kí ẹ̀rọ wa bá òun rò ó.

Àwọn ọmọ kò dúró de àṣẹ wa. Wọ́n ṣe array kejì, wọ́n pè é ní B, wọ́n tẹ gbogbo rẹ̀ wọlé, ẹnìkan ń kà, ẹnìkan ń tẹ̀, ẹ̀kẹta ń ṣọ́ wọn. Ọmọkùnrin tí ó kó wa sí wàhálà ni ó kọ FOR I = 1 TO 114, ó sì kà á sókè kí gbogbo ènìyàn gbọ́. 6214. Bàbá mi orí.

Ọmọbìnrin yẹn ní ó ku nǹkan kan. Ó kọ ìlà kan sí i, pé níbikíbi tí A(I) kò bá dọ́gba pẹ̀lú B(I), kí ẹ̀rọ kọ nọ́ńbà súrà náà jáde, kí ó sì kọ iye méjèèjì sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Èyí ni iṣẹ́ tí a ti fẹ́ kí wọ́n ṣe ní òpin táàmù, a kò tíì kọ́ wọn. Nọ́ńbà bẹ̀rẹ̀ sí í jáde, 2 ni ó kọ́kọ́ dé, 286 àti 285. Bàbá sún aga mọ́ ọn. Ó wò ó títí, ó ní, "Kò mú ìkíní jáde."

A ní Fátíhà dọ́gba nínú méjèèjì, Bàbá, méje méje ni.

Ó ní, "Méje méje ni lóòótọ́. Àwọn ará Kúfà ka Bísímílà mọ́ ọn ní áyà kìíní. Àwọn ará Mẹ̀dínà kò kà á, wọ́n wá pín èyí tí ó kẹ́yìn sí méjì. Iye dọ́gba, ìdúró kò dọ́gba. Ẹ̀rọ yín lè mọ ìyẹn?"

Kò lè mọ̀ ọ́n, iye nìkan ni a kó fún un. Àwọn ọmọ wojú ara wọn. Ọmọkùnrin kan ní kí a wá ṣe array tí yóò ní ìlà púpọ̀, bíi kíréètì ẹyin, tí àyè kọ̀ọ̀kan yóò ní nọ́ńbà ìlà àti nọ́ńbà ìdúró, kí a lè tọ́ka sí áyà kọ̀ọ̀kan nínú súrà kọ̀ọ̀kan. Iṣẹ́ SS3 ni ìyẹn. Bàbá ní òun yóò máa wá ní gbogbo ọjọ́ tí a bá ń tan iná, kí a ṣáà máa ránṣẹ́ sí òun.

Ó fẹ́ mú àwọn súrà tí wọ́n yàtọ̀ yẹn lọ sílé, ṣùgbọ́n kò sí íńkì nínú ẹ̀rọ ìtẹ̀wé wa. Ọmọbìnrin náà fa ìwé yọ láàárín ìwé àkọsílẹ̀ rẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í dà á kọ láti ojú kọ̀ǹpútà, Bàbá sì dúró tì í, ó ń fi ìka tọ́ ọ sọ́nà kí ó má baà fo ìlà kan, títí epo fi tán nínú jẹnẹrétọ̀.